Ọmọkùnrin Tó Ń Béèrè Fọ́tò Ní Aago Kan Òru

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìlọrin. Orí ń fọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 16, kò jẹun dáadáa mọ́, ó sì ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wá rí i pé ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kan ti so WhatsApp ọmọ náà mọ́ fóònù tirẹ̀, ó ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé. Lóru, á ní kó ya fọ́tò yàrá rẹ̀ ránṣẹ́, kóun lè mọ̀ pé ilé ló wà. Ìyá béèrè vitamin tí òun lè rà. Ó ní: “Ṣùgbọ́n Dókítà, ó jọ pé ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, owú rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Màmá, mi ò ní dárúkọ vitamin kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó tún gbé oògùn ibà mì. Ọ̀rọ̀ owú yẹn ló bí mi nínú.

Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí: ẹni tí kò bá jowú ẹni, kò fẹ́ràn ẹni. Irọ́ ni! Owú a máa wá sọ́kàn ẹ̀dá, mi ò jiyàn. Àmọ́ kéèyàn máa ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, kó máa yan ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀, kó máa gba fọ́tò ẹ̀rí lóru, ìṣọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń ṣọ́. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ní ti ọmọ yín, òjòwú ń sanra, ẹni tó ń ṣọ́ ló ń rù. Àwọn ọmọbìnrin náà ń ṣe é fún ọmọkùnrin o, ẹ má rò pé mo gbàgbé wọn.

Láyé àwọn bàbá wa, alárinà ni ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni máa ń rán wá. Kò jẹ́ wọ yàrá ọmọ náà lóru. Ẹ̀yin wá jókòó sí pálọ̀, ẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ yín.

Oorun wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọjọ́ orí yìí nílò. Ìbàlàgà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí oorun tètè kùn wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ sì ń jí wọn ní kùtùkùtù. Bí fóònù bá tún ń gbọ̀n lóru, àyà á máa já, oorun á fò lọ. Orí á fọ́, oúnjẹ ò ní wù ú, ẹkún á wà nítòsí.

Ẹ má fọ́ fóònù náà. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, ọmọ yín kò ní sọ èyí tó kàn fún yín. Kí òun fúnra rẹ̀ ṣí “Linked devices” lórí WhatsApp, kó yọ fóònù tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò. Bí ọmọkùnrin náà bá ní òun á gbé fọ́tò rẹ̀ síta, ẹ má sanwó, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rí ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 wà fún irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ní ayé sú òun, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Mo ti wí i, n ó tún wí i: pálọ̀ ni kí gbogbo fóònù ilé máa sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tiyín náà, Màmá.

Lẹ́tà mìíràn: ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Òṣogbo ní àyà òun ń lù kì-kì bí àmì aláwọ̀ búlúù bá ti fi hàn lórí WhatsApp pé ọ̀rẹ́bìnrin òun ti ka ọ̀rọ̀ òun, tí kò sì fèsì, ṣé àrùn ọkàn ni? Ọmọ mi, kò jọ ọ́. Bí ó bá ń ṣe ọ́ nígbà tó o bá ń sáré, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, lọ rí dókítà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pa àmì náà nínú Settings. Ó lè jẹ́ pé ìwé ló ń kà, ìwọ náà sì ní ìdánwò.