Wọ́n Ti Gé E Kúrò, Kí Ni Òògùn Tún Wà Fún?

Ẹ̀kọ́ wa kan àwọn ìyá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ ọmú tí a tètè rí. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti ń jinná, dókítà a ní kí wọ́n tún wá gba ìtọ́jú mìíràn. Ará ilé a sì fèsì pé, “Ṣebí wọ́n ti gé e kúrò! Owó kí ni wọ́n tún ń bèèrè?”

Ohun tí ojú rí ni ọ̀bẹ ń mú kúrò. Ṣùgbọ́n hóró jẹjẹrẹ bíi mélòó kan lè ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ síbòmíràn kí iṣẹ́ abẹ tó dé, kó fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó hù. Òun ni ìtọ́jú yìí ń lé. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti 1957 tí Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ti dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ níbí, ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé ọmọ tí ara rẹ̀ le náà ń gun òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n èrè ìtọ́jú náà kò dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ibí yìí ni ká ti lo ọgbọ́n oníṣòwò. Bí dókítà bá ní òògùn kan ń dín ìpadàbọ̀ àrùn kù sí ìlàjì, ẹ bi í pé, “Ìlàjì mélòó?” Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: nínú 100 obìnrin, bí àrùn ì bá padà bá 40, òògùn náà gba 20 sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 4 péré, 2 ni ó gbà, bẹ́ẹ̀ gbogbo 100 ni yóò lo òògùn tí wọn yóò sì fara da wàhálà rẹ̀.

Bí kókó náà ti tóbi tó, bóyá ó ti dé abíyá, àti bí ó ti ń yára dàgbà tó, ni wọ́n fi ń ṣírò iye yìí. Ó tún ku àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fò nítorí owó: ṣé họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà? Ẹ má fò ó o. Bí ó bá ń bọ́ ọ, oògùn oníhóró tí ń jẹ́ tamoxifen, lójoojúmọ́ fún ọdún 5, ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí kò bá bọ́ ọ, owó ṣòfò ni. Lára àwọn obìnrin wa, irú tí họ́mọ̀nù kò bọ́ pọ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ. Òògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ni tirẹ̀, èyí tí ń mú irun re tí ó sì ń mú ènìyàn bì.

Ẹni tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n fi ọmú sílẹ̀, ìtànṣán sábà máa ń tẹ̀lé e, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH l'Ékòó. Bí ìyá kan ò bá lè fi ọjà àti ilé sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ rárá.

Ìyá náà ló ni ara rẹ̀, òun ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí yóò bá gba òògùn inú iṣan, kó má jẹ́ kó kọjá oṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí yóò bá sì tọrọ ẹ̀yáwó fún un, kó bèèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ títí dópin, kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ nìkan.