Làkúrègbé Tí Ń Ba Oríkèé Jẹ́ Àti Àwọn Oògùn Rẹ̀

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Èyí ni a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Ní Thomas Estate níbí, àwọn ìyá kan ń bá wa kírun tí wọn kì í lè ká ìka ọwọ́ ní àsìkò Àsùbáà. Ike omi àlùwàlá gan-an a ṣòro fún wọn láti gbé. Wọ́n á ní òtútù ló wọ egungun. Ṣùgbọ́n bí oríkèé ọwọ́ méjèèjì bá wú, tí wọ́n ń le gan-an fún bíi wákàtí kan láràárọ̀, tí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè jẹ́ rheumatoid arthritis. Kì í ṣe àrùn arúgbó nìkan, obìnrin ni ó sì ń ṣe jù.

Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ara láti bá àrùn jà ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé. Oògùn ìrora á mú ara tuni, ṣùgbọ́n kò dá ogun náà dúró. Egungun ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ methotrexate. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni à ń lò ó, pẹ̀lú folic acid. Ẹni tí ó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Aláboyún tàbí ẹni tí ń retí oyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá.

Bí ìyẹn kò bá tó, oògùn mìíràn wà tí kì í kàn lu gbogbo ara. Iṣẹ́ ni àwọn ọmọ ogun ara ń rán sí ara wọn kí ìjà tó gbóná, TNF sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà. Ní 1992, ní Charing Cross Hospital ní London, Marc Feldmann àti Ravinder Maini fi abẹ́rẹ́ tí ń mú TNF mọ́lẹ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn. Láti ibẹ̀ ni infliximab àti adalimumab ti wá.

Àwọn ìwé àtijọ́ sọ pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín aláwọ̀ dúdú. Ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn 200 aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi adalimumab sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2019, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ. Lójú tiwa, owó tí à ń kó lé àǹkóò wòlímọ̀ ọjọ́ kan, ó yẹ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ń dín agbára ẹ̀ṣọ́ ara kù. Ikọ́ ife tí ó sá pamọ́ lè jí dìde, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ife àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wò ṣáájú. Ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà ní àwọn dókítà oríkèé. Ó jìnnà sí Ajah, ṣùgbọ́n dókítà àdúgbò lè kọ lẹ́tà fún yín lọ síbẹ̀.