Wáyà Inú Ilé àti Íntánẹ́ẹ̀tì Ayára: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí tó Fi Ààlà Iṣẹ́ Onílé àti ti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Hàn

1.0 Ìfáárà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ilé gan-an ni a ó wò: wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, èyí tó ń pín in kiri yàrá, àti èyí tó ń fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní iná. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, bí onílé bá fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè bọ́ sórí èyí tó yára, ṣé dandan ni kí ó pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wá ṣe wáyà ilé rẹ̀, àbí ó lè ṣe é fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, ṣùgbọ́n ó kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ pẹ̀lú. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'wáyà', ni a fi ń pe gbogbo wọn ní èdè ojoojúmọ́. Bí ìwé ìlànà kan bá sọ pé 'má fọwọ́ kan wáyà', tí ó sì tún wí ní ìlà kejì pé 'tú wáyà, kí o sì tún un so', kí ni kí òǹkàwé ṣe? Èrò wa ni pé ẹni tó bá mọ orúkọ ohun tó dì mú ni yóò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tirẹ̀ ni tàbí iṣẹ́ ẹlòmíràn.

A mú àpẹẹrẹ wa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, wáyà tẹlifóònù àtijọ́ sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ohun tuntun níbẹ̀, nítorí náà onírúurú wáyà tí à ń sọ yìí ni ènìyàn lè bá pàdé nínú ilé kan náà.

2.0 Irú wáyà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

2.1 Wáyà bàbà àlọ́mọ́ra. Èyí ni wáyà tẹlifóònù: bàbà méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn. Ní 1881 ni Alexander Graham Bell gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí. Lílọ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ariwo tó bá ti ìta wọlé yóò kan bàbà méjèèjì bákan náà. Ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun yóò yọ ohun tí àwọn méjèèjì jọ gbé dànù, yóò sì ku kìkì iṣẹ́ tí a rán wọn. Ohùn orí tẹlifóònù kò ju nǹkan bí 3,400 hertz lọ, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ADSL ń lo ìgbì tó dé nǹkan bí 1,100,000 hertz, VDSL2 sì ń gòkè dé nǹkan bí 17,000,000. Bí ìgbì bá ṣe ń ga tó, bẹ́ẹ̀ ni àbùkù kékeré ń di ńlá.

Àbùkù kan wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wáyà kẹta kan wà tí wọ́n fi ń mú agogo tẹlifóònù ìgbà náà dún ní àwọn yàrá mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú àwọn bàbà méjèèjì ni ó nasẹ̀ mọ́, nítorí náà ó ń ba ìdọ́gba wọn jẹ́, ó sì ń fa ariwo wọlé. Tẹlifóònù òde òní kò nílò rẹ̀. Yíyọ ọ́ kúrò lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì lè mú kí íntánẹ́ẹ̀tì yára sí i láìná kọ́bọ̀.

Ta ló lè yọ ọ́? Lára sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wáyà ìta wọ̀, a sábà máa ń rí ojú ìsàlẹ̀ kan tí a lè tú. Ti onílé ni wáyà tó so mọ́ ojú náà; èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà ìta, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ tú u. Bí a bá tú ojú náà, a ó rí ihò ìdánwò kan. Kí onílé ki módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wáyà inú ilé ni àléébù wà, onílé sì lè tún un ṣe. Bí kò bá yàtọ̀, kí ó ránṣẹ́ pe ilé-iṣẹ́.

2.2 Fọ́nrán dígí. Ìmọ́lẹ̀ ni èyí ń gbé, kì í gbé iná. Ní 1966, ní Harlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Kao àti George Hockham fi hàn pé bí a bá lè mú kí dígí mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ lọ jìnnà. Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe irú dígí bẹ́ẹ̀ jáde. Kao sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní 2009. Ìbú fọ́nrán náà jẹ́ 125 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 9 lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹnu fọ́nrán méjì kò ṣeé fọwọ́ lọ́ pọ̀ bíi bàbà: a ní láti to ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe wẹ́kú, kí a sì fi ẹ̀rọ tó ń tan iná yọ́ dígí méjèèjì pọ̀. Bí a bá ká a ju bó ti yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ yóò jò dànù. Èérún rẹ̀ lè wọ awọ ara láìrí. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, ẹni tó bá sì ń yọjú wo ẹnu rẹ̀ ń fi ojú wewu. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kúrò lórí bàbà bọ́ sórí fọ́nrán dígí nílò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ títí dé àpótí tí a kàn mọ́ ògiri.

2.3 Wáyà abẹ́lé. Láti àpótí náà lọ sí yàrá, bàbà àlọ́mọ́ra la tún padà sí, ṣùgbọ́n ìdì mẹ́rin ni. Ó lè gbé gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí gígùn rẹ̀ kò bá ju 100 mítà lọ. Bí ẹyọ bàbà kan bá já nínú rẹ̀, ìdì méjì lè ṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́, ìyára á sì wálẹ̀ sí 100 mẹ́gábíìtì. Onílé tó ń sanwó 500 lè máa dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi, kí ó sì jẹ́ pé wáyà abẹ́lé kan ni ó yẹ kí ó pààrọ̀. Iṣẹ́ onílé ni èyí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kó o sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Wáyà iná ní tirẹ̀, tó ń gbé 230 fólítì, oníṣẹ́ iná ni kí a fi í sílẹ̀ fún.

3.0 Àbá wa

(i) Fọ́nrán dígí. A kò gba 'wáyà dígí' wọlé, nítorí 'wáyà' ń mú irin àti iná wá sí ọkàn. A ń lo 'fọ́nrán' fún òwú. Ó bá títínrín rẹ̀ mu.
(ii) Wáyà àlọ́mọ́ra. Ìṣe tó ń lé ariwo jáde ni orúkọ yìí ṣàpèjúwe.
(iii) Ojú-ààlà: ibi tí wáyà ilé-iṣẹ́ parí sí, tí ti onílé bẹ̀rẹ̀. Bí pèrègún ti ń fi ààlà oko hàn, bẹ́ẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tàbí àpótí ara ògiri ṣe jẹ́ níhìn-ín.
(iv) Wáyà abẹ́lé: wáyà àlọ́mọ́ra tó wà lẹ́yìn ojú-ààlà, lọ́wọ́ onílé.
(v) Ìjópọ̀: yíyọ́ fọ́nrán méjì di ọ̀kan. Ẹnu àwọn tó ń jó irin pọ̀ la ti mú un.
(vi) Ìmọ́lẹ̀ àìrí: èyí tí fọ́nrán dígí ń gbé.

4.0 Ìdánwò

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn gbólóhùn ìfáárà dán an wò. 'Má fọwọ́ kan wáyà' yóò di: 'Má tú ohun tó wà lẹ́yìn ojú-ààlà ní apá ti ilé-iṣẹ́, má sì wo ẹnu fọ́nrán dígí, nítorí ìmọ́lẹ̀ àìrí.' 'Tú wáyà, kí o sì tún un so' yóò di: 'Tú wáyà abẹ́lé, kí o sì tún un so.' Àtakò ti kúrò. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí wúlò ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Níbẹ̀, tẹlifóònù oníwáyà bàbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn, fọ́nrán dígí sì ni a ń fà wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó. Ojú-ààlà wà níbẹ̀ bákan náà.

5.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìdáhùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni gbogbo ohun tó wà ṣáájú ojú-ààlà, àti fọ́nrán dígí níbikíbi tí ó bá wà; ti oníṣẹ́ iná ni wáyà iná; ti onílé ni wáyà abẹ́lé. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ti wáyà náà rí bẹ́ẹ̀. A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ láti lo àwọn àbá yìí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ àti òǹkàwé, kí wọ́n sì fi èyí tó bá sàn jù rọ́pò èyí tí kò bá bá ẹnu mu.