Ta Ni Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Alákàn?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọdé pàápàá mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Ṣùgbọ́n láti òru tí àwọn olè ti wọ àdúgbò wa, tí wọ́n lu ọlọ́dẹ kan ṣoṣo tí a gbà ní ìlùkulù, òwe yìí ni gbogbo onílé ń sọ lù ú: kí ló dé tí kò lajú, kí ló dé tí kò wẹ̀yìn? Ó bí mi nínú. A fi ẹnì kan sójú títì gígùn láìsí ẹnì kejì, a wá ń fi alákàn bá a wí!

Ta ló mọ ojú lò tó James Butler Hickok, tí wọ́n ń pè ní Wild Bill? Illinois ni wọ́n ti bí i ní 1837. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹrù fún ọmọ ogun Àríwá, ó sì ṣe alamí fún wọn. Lẹ́yìn ogun, ó bá àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ọ̀gágun Custer ṣe atọ́nà. Ní 1871, ìlú Abilene ní Kansas gbà á ní olórí ọlọ́pàá, 150 dọ́là lóṣù, nítorí àwọn darandaran Texas tó ń kó màlúù wá tà níbẹ̀ máa ń mutí yó, wọ́n á sì máa yìnbọn kiri. Wọ́n ní àárín títì ló máa ń gbà rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà lúgọ dè é. Bó bá jókòó, ògiri ló ń fẹ̀yìn tì.

Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Phil Coe yìnbọn nígboro. Hickok jáde sí i, ìjà dé, ó yìnbọn lu Coe. Ló bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀, ó yíjú, ó tún yìnbọn. Mike Williams ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ wá gbè é! Ẹni tó bá ń dá ṣọ́ orí ara rẹ̀, ọ̀tá ni gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń bọ̀ lójú rẹ̀. Kí ọdún tó parí, ìlú ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1876, ní ilé ọtí kan ní ìlú Deadwood, ó fẹ́ ta káàdì. Àga tó ṣófo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ Charlie Rich, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta káàdì níbẹ̀, pé kí àwọn pààrọ̀ àga, Rich kọ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack McCall gba ẹ̀yìn yọ sí i, ó yìnbọn fún un lórí. Ẹni ọdún 39 ni Hickok. Wọ́n yẹgi fún McCall ní 1877, ṣùgbọ́n èyí kò jí òkú.

Ibi tí òwe náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Hickok kò gbàgbé ẹ̀yìn rẹ̀, ó tọrọ ààbò lẹ́nu ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ni kò fún un. Ojú ènìyàn kò lè ṣọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ẹlòmíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ gba ọlọ́dẹ kejì. Ẹ fún àwọn méjèèjì ní fèrè àti tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa pe ara wọn lókùnkùn, kí ẹni tó ń bọ̀ wá gbèjà má baà di òkú. Ọlọ́dẹ tí wọ́n lù yẹn ṣì jẹ gbèsè ní ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí a dá owó náà jọ lọ́sẹ̀ yìí.