Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ní Òun Ò Rí Fáìlì

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ò rí VCRUNTIME140.dll, ẹ má ṣe lọ wá a kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a he lójú títì, kòkòrò lè wà nínú rẹ̀. Fáìlì yẹn kì í dá rìn. Inú àkójọ Visual C++ ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́dọ̀ Microsoft.

Bó bá jẹ́ fáìlì Windows gan-an ló bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín sórí fúláàṣì. Ẹ wá ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, ẹ tẹ sfc /scannow, kí ẹ sì mú sùúrù títí àyẹ̀wò náà yóò fi dé 100%. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.