Ata Odidi Ni Kí Ẹ Rà

Wọ́n ní ẹ̀mí tí kò jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. A fẹ́ràn ata débi pé ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé pé àlejò ni ata pupa nílẹ̀ yìí. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá lẹ́yìn ọdún 1492, àwọn Pọtogí sì wà lára àwọn tó tan án kálẹ̀. Ìyèré àti ataare ló ń ta àwọn baba ńlá wa lẹ́nu kó tó dé.

Ṣùgbọ́n òwe tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ra ata gígún lọ́jà fi sọ́kàn ni ti alákàn: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ata odidi kò lè fi ara pamọ́ fún yín. Ẹ ó rí èyí tó bu, ẹ ó rí èyí tí kòkòrò ti jẹ. Bí ẹ bá gbọn èyí tó gbẹ dáadáa, hóró inú rẹ̀ á dún. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, gbogbo ẹ̀rí yẹn ti pòórá. Èyí tó bu ti dara pọ̀ mọ́ èyí tó dára, pupa ni gbogbo rẹ̀. Ata tó bu kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrísí lásán. Aspergillus, ọ̀kan nínú ohun tó máa ń hù lára rẹ̀, lè tu májèlé aflatoxin sínú oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bà jẹ́, iná ìdáná wa kò sì ràn án.

Ẹ̀tàn náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2005, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Bírítéènì ní kí wọ́n kó oúnjẹ tó lé ní 400 oríṣi kúrò lórí àtẹ, nítorí ata lílọ̀ tí wọ́n po aró Sudan I mọ́. Aró tí wọ́n ń fi sínú epo ọkọ̀ àti ìpara bàtà ni. Irú rẹ̀ ni NAFDAC ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ nínú epo pupa. Àwọn kan a máa da ata sómi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wúlò láti fi mọ̀ bí wọ́n bá po yanrìn tàbí bíríkì lílọ̀ mọ́ ọn, tí í yára rì, ṣùgbọ́n Sudan kì í yòrò nínú omi, àfi nínú òróró.

Nítorí náà, odidi ni kí ẹ rà, ìbáà ṣe ní Bódìjà, ìbáà ṣe ní Mile 12, níbi tí wọ́n ti ń já ata òkè Ọya. Ẹ ṣà á, ẹ já ìdí rẹ̀, ẹ tún un sá kó gbẹ háúháú kí ẹ tó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ bi ẹni tó ni ẹ̀rọ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin inú rẹ̀, torí irin titun a máa ha sínú ohun tí a bá kọ́kọ́ lọ̀. Òòfà kékeré tí ẹ bá fà káàkiri inú ata náà á gbé irin tó bá wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ ó lò tán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ lọ̀. Òórùn ata a máa fò lọ nígbà tó bá ti kúná. Odidi ló ń pa á mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rinrin ń wọ inú ìgò ata, àwa fúnra wa la sì sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un: a ó gbọn ìgò sórí ìkòkò tó ń hó, ooru á wọlé, ata á dì. Ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bù ú sínú àwo, kí ẹ dé ìgò, kí ẹ tó yíjú sí iná. Ibi tó ṣókùnkùn, tó jìnnà sí sítóòfù, ni kí ìgò náà máa gbé.

Ata gígún kò fẹ́ iná líle. Ó yára jóná nínú òróró, á korò, ikọ́ á sì gba gbogbo ilé. Ẹ kọ́kọ́ dín àlùbọ́sà, ẹ dín iná kù, ẹ da ata sí i, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí tòmátì tó tẹ̀ lé e. Òróró ló ń yọ capsaicin, èròjà tó ń ta wá lẹ́nu, jáde. Omi kò rí i ṣe. Ìdí nìyẹn tí omi nìkan kì í fi í mú ata kúrò lọ́wọ́. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́ ná, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú, kí ẹ tó gbé ọmọ.