ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìjọsìn l'Ọ́wọ̀

Ṣé ìbọ̀rìṣà ni kí Kristẹni dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú Ọ̀wọ̀? Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ràn wá lọ́wọ́. Proskuneo ni kí ènìyàn wólẹ̀, kó foríbalẹ̀. Nínú òwe Jésù ní Matiu 18:26, ọba ni ẹrú tó jẹ gbèsè ṣe é fún, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kọ̀nílíù ṣe é fún Peteru (Ìṣe 10), kíá ni Peteru gbé e dìde: ènìyàn lòun náà.

Latreia ni ìsìn gan-an. Òun ni Paulu lò ní Romu 12:1, níbi tó ti ní kí a fi ara wa rú ẹbọ ààyè. Ẹ wo Matiu 4:10 dáadáa: ọ̀rọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, àmọ́ ti ìsìn nìkan ni "nìkan ṣoṣo" so mọ́. Ní ọdún 787, Ìgbìmọ̀ Nisea Kejì ti àwọn olórí ìjọ là á mọ́lẹ̀ pé a lè foríbalẹ̀ níwájú àwòrán mímọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló ni latreia. Kátólíìkì di èyí mú. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì ò gbà á.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọdún Ìgógo tí wọ́n ń ṣe l'Ọ́wọ̀ ló le jù. Ọlọ́wọ̀ á dirun bí obìnrin, ìlù á dákẹ́, agogo nìkan ni wọ́n á máa lù ní ìrántí ayaba Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n. Lójú tèmi, ẹni tó wòran tó sì kí ọba kò tíì sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọn rúbọ ni ọ̀rọ̀ latreia bá wí.